Ta Ló Lẹ Ìwé Náà?

Mo kọ orúkọ mi sínú ìwé àwọn onídàájọ́, mo fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ kí ó lè jọ orúkọ èèyàn pàtàkì, mo sì dọ́gbọ́n gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni. Nínú gbọ̀ngàn ilé ìkàwé ìlú wa, wọ́n ti ń pa iná kí apá kẹrin eré náà lè bẹ̀rẹ̀. Ìyá àgbà mi wà ní ìlà iwájú, wọ́n gbé báàgì lé itan, wọ́n na ọrùn síwájú bí ẹni pé àwọn gan-an ni wọ́n fẹ́ fi hàn lójú aṣọ funfun tí a ti ń wo eré. Wọn ò rí mi.

Yavor, ọmọ kíláàsì wa, ń dúró dè mí lẹ́yìn ilé. Ó fẹ̀yìn ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Mo rò pé o ti sùn síbẹ̀ ni," ó ní.

"Ta ló sùn? Mo buwọ́ lùwé tán ni mo jáde."

"Adájọ́ àgbà! Kí adé pẹ́ lórí!" Ó da hóró òdòdó oòrùn sísun sí mi lọ́wọ́. "Ó yá, jẹ́ ká lọ sétí odò. Àwọn tó kù ti ń retí wa."

Ẹ má tíì bínú sí mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe di onídàájọ́, kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ìtàn yìí gan-an kò ju ìyẹn lọ.

Lọ́dọọdún, ilé ìkàwé wa máa ń fún eré orí tẹlifíṣọ̀n kan ní ẹ̀bùn, agogo kékeré kan tí a fi bàbà ṣe. Eré ọ̀daràn àti ọlọ́pàá ni wọ́n máa ń yàn, nítorí òun ni gbogbo ìlú ń wò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ló ń ṣe ìdájọ́ rẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń dáhùn: Nínú eré yìí, ṣé ìtàn ló ṣíwájú, àbí ìlànà òṣèlú? Bí ìtàn bá ṣíwájú, eré gba agogo. Bí ìlànà bá ṣíwájú, agogo padà sínú àpótí di ọdún tó ń bọ̀. Nílùú tí àwọn òbí àwọn òbí wa ti fi ogójì ọdún wo eré tí olówó máa ń jẹ́ olè tí ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ṣèjọba sì máa ń jẹ́ akọni, ìbéèrè yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré rárá.

Ọ̀gbẹ́ni Bozhkov, tó ń kọ́ wa ní lítíréṣọ̀ tó sì tún jẹ́ akọ̀wé ilé ìkàwé, ti ṣàlàyé fún wa lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá ti mọ ẹni tó jẹ̀bi láti ìṣẹ́jú kìn-ín-ní nítorí ẹgbẹ́ tó ń ṣe, ìwàásù lẹ̀ ń wò. Bí ẹ bá ní láti dúró kí ẹ tó mọ̀ ọ́n, ìtàn nìyẹn. Nítorí náà, ẹ dúró."

Mo gbọ́. Mo tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹni tí ìdájọ́ rẹ̀ bá dára jù nínú wa ni ilé ìkàwé yóò rán lọ sí Sofia, olú ìlú orílẹ̀-èdè wa, nígbà ìsinmi, sí ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn bí a ṣe ń kọ eré. Ipò yẹn ni mo ń fẹ́. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń sọ pé eré ni màá máa kọ. Kò sí ẹni tó mọ ìwé kọ jù mí lọ nílé ìwé wa. N kò fọ́nnu, bó ṣe rí ni mo sọ ọ́.

Orúkọ eré tọdún yìí ni Ilé Òdìkejì Odò. Apá mẹ́jọ ni, a sì ń wò ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ Àìkú. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Vesela ni wọ́n pa láyé ìjọba àtijọ́, tí wọn ò sì mọ ẹni tó pa á. Lẹ́yìn ọdún méjìdínlógójì, ọlọ́pàábìnrin kan, Darina, tún ọ̀rọ̀ náà gbé dìde. Ẹni tó ń ràn án lọ́wọ́ ni Sájẹ́ntì Rusko, ọlọ́pàá àtijọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Mo wo apá mẹ́ta àkọ́kọ́ láìmi. Ó dùn. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé Rusko dùn jù. Ó ń fún àwọn ọmọdé ní èso púlọ́ọ̀mù, ó ń pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín, ó sì mọ orúkọ ajá gbogbo àdúgbò.

Báyìí ni Yavor ṣe rí ọ̀nà wọlé. Yavor ní ojú ìwé kan lórí ayélujára tí gbogbo ọmọ ilé ìwé wa ń kà. Lẹ́yìn apá kẹta, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń fi oyin pa ọlọ́pàá ìjọba àtijọ́ lára." Ó tó igba èèyàn tó bá a rẹ́rìn-ín.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yẹn fi kàn mí rèé. Bàbá àgbà mi, Kolyo, tó ti kú, ọlọ́pàá ìjọba àtijọ́ ni. Láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń pè mí ní ọmọ-ọmọ Kolyo ọlọ́pàá. Bí ẹfun ìkọ̀wé bá sọnù ní kíláàsì, ẹnì kan yóò ní, "Ẹ má wulẹ̀ wá a, Rali ti lọ fi wá sùn." Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí dé egungun.

Létí odò, Yavor jókòó tì mí, ó ń tu èèpo hóró rẹ̀ sínú omi.

"Rali, jẹ́ kí n bá ẹ sọ òótọ́. Tó o bá lọ sọ pé eré yẹn dáa, ṣó o mọ ohun tí wọ́n máa sọ? Wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀."

"Ta ló sọ fún ẹ pé mo ti ní ó dáa?"

"Kí lo tún wá fẹ́ lọ wò? Ṣebí a ti mọ ibi tó ń lọ. Wọ́n á sọ Rusko di ẹni mímọ́, wọ́n á ní ayé àtijọ́ ló dùn. Ìgbà tí èèyàn bá tọ́ wàrà wò tó bá kan, ṣé dìgbà tó bá mu ún tán kó tó dà á nù ni?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. N kò tiẹ̀ rántí pé wàrà kíkan ni gbogbo wa ń jẹ láàárọ̀ lálẹ́ nílùú yìí, tí a sì ń lá abọ́.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ Àìkú márùn-ún, mo buwọ́ lùwé lẹ́ẹ̀márùn-ún, mo sì gba ẹ̀yìn jáde lẹ́ẹ̀márùn-ún. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni mo máa ń jókòó sí, létí ilẹ̀kùn, kí n lè tètè yọ́ lọ. Ẹnì kan ṣoṣo ló rí mi, Tihomir, onídàájọ́ ẹlẹgbẹ́ mi láti ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ ọwọ́, ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ bí ẹni pé owó ni wọ́n ń fi ra ọ̀rọ̀.

"O ò ní wò ó?" ó bi mí lọ́jọ́ kan.

"Mo ti wò ó nílé," mo ní. Irọ́ ni. Tẹlifíṣọ̀n kò tíì gbé e jáde. Tihomir mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì padà síjókòó rẹ̀.

Ìyá àgbà ni ọ̀rọ̀ eré náà ń pa bí ọtí. Bí a bá ti jókòó síbi oúnjẹ, wọ́n á bẹ̀rẹ̀.

"Rali, o rí ìwé òkú yẹn? Èyí tó wà lẹ́nu géètì ilé Vesela? Láti apá kìn-ín-ní lojú mi ti wà lára ẹ̀. Mo ní nǹkan kan wà níbẹ̀!"

"Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́. Onídàájọ́ kì í sọ̀rọ̀ eré níta."

"Háà! Ẹ má bínú o, Adájọ́!" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gé bánítsà, àkàrà oníwàràkàṣì wa, sí mi láwo. "Jẹun, Adájọ́. Ebi ò gbọdọ̀ pa òfin."

Ìwé òkú! Èmi tí mo dàgbà sáàárín ìwé òkú. Ó wà lẹ́nu géètì gbogbo ilé tí èèyàn ti kú, lára igi, lára òpó iná, níbi tí a ti ń dúró de bọ́ọ̀sì: àwòrán olóògbé, orúkọ rẹ̀, iye ọjọ́ tàbí ọdún tó ti lọ, àti orúkọ àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀. Bí òjò bá ti pa á rẹ́, ẹbí á lẹ òmíràn. Ta ló tún ń wo ìwé òkú?

Bàbá àgbà mi náà ní tiwọn lẹ́nu géètì wa. Òjò ti fọ ojú wọn títí tí ó fi ku irunmú nìkan.

"Ọdún kẹrin á pé nínú oṣù Kẹfà," Ìyá àgbà ní. "Bá mi fi kọ̀ǹpútà ṣe tuntun. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n ṣe."

Mo gbé bánítsà mì. Mo ní, "Ìyá àgbà, ṣé a ò lè lẹ̀ ẹ́ sínú ọgbà lọ́dún yìí? Lára ilẹ̀kùn ilé?"

"Inú ọgbà? Ta ló máa rí i níbẹ̀? Adìyẹ?"

Wọ́n wò mí títí. Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ó ti yé mi," wọ́n sì dìde lọ fọ abọ́ tí kò dọ̀tí. Ojú tì mí. Ṣùgbọ́n mo pa á mọ́ra, mo lọ kọ ìdájọ́ mi.

Mo sì kọ ọ́ dáadáa, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Gbólóhùn ń tẹ̀ lé gbólóhùn. Mo kọ ọ́ pé Sájẹ́ntì Rusko kò ṣe àṣìṣe kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pé ère ni wọ́n gbẹ́, wọn ò kọ èèyàn. Mo wá kọ èyí tó dùn mọ́ mi jù lọ: "Àwọn òǹkọ̀wé yìí lẹ ìwé òkú mọ́ géètì ilé òfìfo kí wọ́n lè máa sọ fún wa pé ayé àtijọ́ ti kú, kí a sì máa bá wọn sunkún rẹ̀. Ìwé yẹn kò ní iṣẹ́ kankan tó ń ṣe nínú ìtàn. Ìlànà òṣèlú ló lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀."

Nígbà tí àwa onídàájọ́ mẹ́ta pàdé, Elitsa, ẹnì kẹta wa, kò mọ ibi tí òun yóò dúró sí. Tihomir ní ìtàn ló ṣíwájú. Mo ka ìwé mi fún wọn. Elitsa la ẹnu sílẹ̀.

"Yéè, Rali! Báyìí lo ṣe ń ronú?"

"Apá keje ńkọ́?" Tihomir bi mí jẹ́ẹ́.

Ẹnu mi kò yẹ̀. "Apá keje gan-an ló jẹ́rìí sí ohun tí mò ń sọ."

"Apá keje?"

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ìwọ tún un wò dáadáa."

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ẹ̀rọ tó ń dún láìṣiṣẹ́. Ó ní, "O mọ̀ ọ́n sọ o, Rali." Elitsa dìbò tẹ̀ lé mi. Méjì sí ọ̀kan. Wọ́n ní èmi ni n ó ka ìdájọ́ náà fún gbogbo ìlú.

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú àjọ̀dún lẹ́tà wa ni, ọjọ́ tí gbogbo ìlú ń ṣàyẹ́sí álífábẹ́ẹ̀tì èdè wa. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Àwọn ọmọdé ti ń hun òdòdó tí wọn yóò gbé lọ́jọ́ kejì, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé. Ìyá àgbà wà ní ìlà iwájú pẹ̀lú báàgì wọn. Yavor àtàwọn ọ̀rẹ́ wa dúró lẹ́yìn, wọ́n gbé fóònù sókè. Ìyáàfin Nevena Drumeva, òǹkọ̀wé eré náà, ti wá láti Sofia. Obìnrin kúkúrú kan ni wọ́n, wọ́n wọ bàtà kánfáàsì, wọ́n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ agogo bàbà tó wà lórí tábìlì.

Mo gun orí pèpéle, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ohùn mi já gaara. Nígbà tí mo dé ibi tí Rusko kò ti ṣe àṣìṣe kan ṣoṣo, mo gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sún lórí àga. Mo rò pé ọ̀rọ̀ mi ló ń wọ̀ wọ́n lára. Mo dé orí ìwé òkú, gbogbo ilé sì dákẹ́ rọ́rọ́. Mo ní háà, mo ti mú wọn. Mo kà á parí. Yavor àtàwọn tirẹ̀ pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn. Ẹlòmíràn kò pàtẹ́wọ́.

Ìyáàfin Drumeva dìde. Inú kò bí wọn.

"Ẹ ṣeun. Ọmọ yìí mọ ìwé kọ, mi ò lè purọ́. Ìbéèrè kan ni mo ní, ọmọ mi. Ìwé òkú tó wà lẹ́nu géètì yẹn, ta ló lẹ̀ ẹ́?"

Mo wo ìwé ọwọ́ mi bí ẹni pé ìdáhùn wà níbẹ̀. Èmi ni mo kọ ọ́, mo mọ̀ pé kò sí níbẹ̀.

Yavor fi ọwọ́ bo ẹnu lẹ́yìn. "Ìyá ẹ̀ ni!" ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, àmọ́ gbogbo ilé gbọ́ ọ.

Bàbá arúgbó kan bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá ta ni? Ìyá ẹ̀ ti kú sí Kánádà láti apá karùn-ún! Ṣé òkú ló wọ bàálù wá lẹ ìwé?"

Ilé hó. Nígbà náà ni mo mọ̀ pé Yavor fúnra rẹ̀ kò wò ó. Ẹni tó ń sọ ibi tí ọ̀nà já sí fún mi kò rin ọ̀nà náà rí.

Mo wo ìlà iwájú. Ìyá àgbà mi ti tẹ̀ síwájú lórí àga. Ojú wọn ń bẹ̀ mí pé kí n wo ètè wọn. Wọ́n la ẹnu láìfọhùn, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Mo rí i kedere. Rusko ni wọ́n ń sọ.

Ẹ gbọ́, ìdáhùn ti wà lọ́wọ́ mi. Bí mo bá sọ ọ́, mo ti bọ́. Mo mọ̀ ọ́n sọ, n kò ní ṣàìrí àlàyé kan fi tì í lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n mo wo ìyá àgbà mi, ẹni tí mo sọ fún pé kí wọ́n fi ojú ọkọ wọn pamọ́ fún adìyẹ, tí wọ́n sì ń jí ìdáhùn fún mi lójú gbogbo ìlú kí ojú má baà tì mí. Mo mọ̀ pé bí mo bá gbà á, ìgbà kẹfà nìyẹn tí n ó buwọ́ lu ohun tí n kò wò.

"Mi ò mọ̀," mo ní. "Mi ò wo apá kẹrin títí dé ìkẹjọ. Mo kàn ń buwọ́ lùwé ni. Ẹ má bínú, mà."

Ẹnì kan ní "Họ̀wù!" Fóònù Yavor ṣì wà lókè. Ìyáàfin Drumeva padà jókòó. Ọ̀gbẹ́ni Bozhkov gbé ìwé àwọn onídàájọ́ wá sórí pèpéle, wọ́n ṣí i, wọ́n fún mi ní bírò pupa.

"Fa ìlà lé èyí tí kì í ṣe òótọ́," wọ́n ní.

Lójú gbogbo èèyàn, mo fa ìlà lé orúkọ mi lẹ́ẹ̀márùn-ún. Àwọn ìlà tí mo ti fà sábẹ́ rẹ̀ kí ó lè jọ ti èèyàn pàtàkì wá ń fi mí ṣẹ̀sín.

Elitsa dìde, ó ń sunkún, ó ní òun dìbò tẹ̀ lé mi nítorí pé mo mọ̀ ọ́n sọ, pé òun fẹ́ gba ìbò òun padà. Wọ́n gbà fún un. Ilé Òdìkejì Odò gba agogo bàbà. Tihomir ló lọ sí Sofia. Kí ó tó lọ, mo lọ bá a, mo ní, "O mọ̀ pé mi ò wò ó. Kí ló dé tó ò fẹjọ́ mi sùn?" Ó ní, "Mo rò pé wà á sọ ọ́ fúnra ẹ. Ó kàn pẹ́ díẹ̀ ni." Ọ̀rọ̀ tó gùn jù tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí nìyẹn.

Yavor gbé àwòrán mi sójú ìwé rẹ̀, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ̀jẹ̀ ló sọ̀rọ̀." Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ń pè mí ní Ta-ló-lẹ̀-ẹ́ nílé ìwé. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n kò pa mí. Mo bi Yavor lójú gbogbo kíláàsì pé, "Ìwọ ńkọ́, apá mélòó lo wò?" Ó ní òun ò ní àsìkò ìyẹn. Àwọn tó ń bá a rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀ wá ń fi òun náà ṣẹ̀sín.

Nínú oṣù Kẹfà, Ọ̀gbẹ́ni Bozhkov gbé kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn fún mi. Èmi àti Ìyá àgbà jókòó síbẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, a wo apá márùn-ún náà tẹ̀ léra, a gbé bánítsà dání. Ìyá àgbà ti wò ó tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ ńṣe ni wọ́n ń gbá mi ní ìgbúnwọ́: "Ó kù díẹ̀! Ó kù díẹ̀!"

Ní apá keje, Darina ṣàkíyèsí pé ìwé òkú Vesela máa ń jẹ́ tuntun lọ́dọọdún, bẹ́ẹ̀ ẹbí rẹ̀ ti kúrò nílùú tipẹ́. Nísàlẹ̀, níbi tí ẹbí máa ń kọ orúkọ sí, kò sí orúkọ kankan. Ó fara pamọ́ lẹ́bàá géètì náà ní àárọ̀ ọjọ́ tí ọdún pé. Ẹni tó wá pẹ̀lú agolo gúlù àti ìwé tuntun ni Sájẹ́ntì Rusko. Nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹnì kan wá jẹ́rìí pé òun rí ẹni tó pa Vesela. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní kó sun ìwé ẹ̀rí náà, ó sì sun ún. Láti ọdún náà ló ti ń lẹ ìwé òkú ọmọ ọlọ́mọ, kò sì lè kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Rusko tó ń fún ọmọdé ní púlọ́ọ̀mù náà ni. Wọn ò sọ ọ́ di ẹni mímọ́, wọn ò sì sọ ọ́ di ẹranko. Mo sunkún bí ọmọ ọwọ́.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ láti apá kìn-ín-ní?" mo bi Ìyá àgbà.

"Èmi tí mò ń lẹ ti ọkọ mi lọ́dọọdún? Ìwé yẹn funfun jù fún ilé tí kò séèyàn."

Mo tún ìdájọ́ mi kọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó bèèrè rẹ̀ mọ́. Mo kọ ọ́ pé ìtàn ló ṣíwájú nínú eré náà, àyàfi ibì kan ní apá kẹjọ tí Darina dúró lórí afárá, tó sì fi ìṣẹ́jú mẹ́ta sọ̀rọ̀ nípa orílẹ̀-èdè bí ẹni tó ń wá ìbò. Níbẹ̀, ìlànà sáré kọjá ìtàn. Ọ̀gbẹ́ni Bozhkov fi í ránṣẹ́ sí Ìyáàfin Drumeva. Èsì wọn kò ju ìlà méjì lọ: "Òótọ́ ni, ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn kò yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá wò ó tán nìkan ló lè rí i." Mo ṣì ní ìwé yẹn. N ó dé Sofia lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ wò ó bí n kò bá dé ibẹ̀.

Lọ́jọ́ tí Bàbá àgbà mi pé ọdún mẹ́rin, mo gbé ìwé òkú tuntun jáde sẹ́nu géètì. Ìyá àgbà di agolo gúlù mú.

"Ìyá àgbà," mo ní, "ṣé Bàbá àgbà náà sun ìwé ẹnikẹ́ni rí?"

Wọ́n ro búrọ́ọ̀ṣì nínú agolo fún ìgbà díẹ̀. "Mi ò mọ̀. Mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n dìde, wọ́n lọ bomi rin tòmátì." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Wọ́n nífẹ̀ẹ́ rẹ, ìyẹn ni mo mọ̀. Èyí tó kù, mi ò lè purọ́ fún ẹ."

Èmi náà kò bèèrè kí wọ́n purọ́ fún mi. Mo lẹ ìwé náà síta, kí ó kọjú sí títì. Nísàlẹ̀, níbi tí ó ti máa ń jẹ́ "láti ọwọ́ ẹbí" tẹ́lẹ̀, mo ti kọ ọ́ pé: "Láti ọwọ́ Donka, ìyàwó rẹ̀, àti Ralitsa, ọmọ-ọmọ rẹ̀."

Yavor gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó wo ìwé náà, ó tẹ bíréèkì.

"Ta ló lẹ̀yẹn?" ó ní, ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀.

"Èmi ni mo lẹ̀ ẹ́," mo ní. "Orúkọ mi wà níbẹ̀. Sọ̀ kalẹ̀ kó o kà á."

Kò sọ̀ kalẹ̀. Ó wa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà mí, àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Èmi kò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnì kan kí n tó dájọ́. Mo fẹ̀sùn kan eré kan pé ó ti mọ ẹlẹ́bi kó tó bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ èmi gan-an ni mo ti mọ ẹlẹ́bi kí n tó wò ó. Ẹ wò ó tán. Ì báà jẹ́ eré, ì báà jẹ́ èèyàn, ẹ wò ó tán kí ẹ tó dájọ́, ẹ má sì buwọ́ lu ohun tí ojú yín kò rí.